Lọ́fínńdà Tí Oyin Kọ̀

Ẹ ti fura pé Nasirou kọ́ ló gbé ìgò náà. Ẹ jàre. Ọmọkùnrin tí gbogbo ilé bá ń nàka sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kì í sábàá jẹ̀bi, ẹni tó bá sì ti ka irú ìwé báyìí rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sàídù náà fura. Ibi tí òun àti ẹ̀yin ti yàtọ̀ ni pé ó gbà tọkàntọkàn pé ní gbogbo Ouagadougou, òun nìkan ni irú ìfura bẹ́ẹ̀ lè sọ sí lọ́kàn, ó sì ní kí wọ́n lọ agbádá òun dáadáa kí òun tó jáde lọ sọ ọ́.

Komisẹ́ẹ̀, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá, ni wọ́n ń pè é ní àdúgbò Samandin. Kò ṣe ọlọ́pàá rí. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Abidjan ló ti ṣiṣẹ́, níbi tó ti máa ń lọ wo ọkọ̀ tó jóná láti mọ̀ bóyá ẹni tó ni ín ló ṣáná sí i. Nígbà tó kó wá sí Ouaga, ẹnì kan fi Komisẹ́ẹ̀ pè é ní àwàdà níbi ìsọmọlórúkọ kan. Ó dáhùn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó rántí pé àwàdà ni.

Ìgò tó sọnù kì í ṣe ìgò lásán. Ìyálé ni wọ́n ń pè é nílé Hájíà Bàlíkíìsì, nítorí ó ti wà nínú ilé kí gbogbo ìyàwó tó dé. Hájíà ń ta lọ́fínńdà olóròóró, irú èyí tí àwọn ọkùnrin ń fi pa ọrùn ọwọ́ kí wọ́n tó lọ kí ìrun Jímọ̀, láti inú Ìyálé sì ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Bí ó bá bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú òróró tuntun, òróró tuntun á gba òórùn. Lójú ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ da òmíràn sínú Ìyálé dípò èyí tó bù, kí ó má baà gbẹ láéláé. Ìyá Hájíà, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Àgbà, ló gbé e wá láti Kumasi ní ọdún tí wọ́n ní kí àwọn Yorùbá kúrò ní Ghana. Àwọn mìíràn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn kan tú ilẹ̀kùn ilé wọn gbé. Òun gbé ìgò, ó fi ọ̀já dì í mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ewé tíì wà nínú rẹ̀, róòsì wà níbẹ̀, kànáfùrù wà níbẹ̀. Ohun yòókù, ọjọ́ orí ni. Kò sẹ́ni tó lè po òmíràn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Hájíà ti mọ́ṣáláṣí dé, ó wọ yàrá inú, ó bá ibi tí Ìyálé máa ń jókòó sí ní òfìfo. Nasirou, tó ń bá a po òróró nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gounghin, ni wọ́n rí kẹ́yìn tó jáde nínú yàrá náà. Nasirou yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ pẹ̀lú Modinat, ọmọ Hájíà, ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kejì. Kò pẹ́ sígbà náà ni Zakari, oníṣòwò tó ti Bouaké wá tó ń tajà ní Patte d'Oie, gbé lọ́fínńdà tuntun jáde. Gbogbo obìnrin tó gbóòórùn rẹ̀ ló búra pé ti Hájíà ni. Ẹnì kan tún wá ní òun rí Nasirou tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù Zakari, tó ká ẹsẹ̀ bí ọmọ ilé.

Ọ̀rọ̀ Hájíà kò gùn. Bí Ìyálé kò bá padà, tàbí tí wọn kò bá rí ẹni tó gbé e, kò sí yìgì.

Wọ́n ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ bi wọ́n léèrè bóyá ohun tó sọnù ní nọ́ńbà lára. Wọ́n ní òórùn ló ní. Ó ní kí wọ́n lọ parí ẹ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Komisẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí Hájíà sọ sí i létí lẹ́nu ọ̀nà: kí Màmá Àgbà má gbọ́. Ìyá ti dàgbà. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ohun tó gbé gba ẹnu ibodè lójú àwọn sójà ni olè wá gbé nínú ilé ọmọ rẹ̀, àyà rẹ̀ lè já. Nítorí náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo ìwádìí ń lọ, wọ́n sì ń bú ara wọn lólè pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀.

*

Sàídù gbà pé ìdákẹ́jẹ́ ni ìbéèrè tó le jù. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù ní Gounghin, ó jókòó síwájú Nasirou láìsọ̀rọ̀, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó tún yọ ọ́. Nasirou rò pé eruku ojú títì ló wọ̀ ọ́ lójú, ó bu omi wá fún un.

Sàídù mu omi náà. Ó bẹ̀rẹ̀.

"Kí lo lọ ṣe lọ́dọ̀ Zakari?"

"Mo lọ kí wọn ni, bàbá."

"Ẹni tí ìyá ìyàwó rẹ kì í dárúkọ rẹ̀ láì tutọ́ sílẹ̀?"

"Wọ́n jù mí lọ, bàbá. Ẹni tó bá juni lọ, ṣebí à á kí i."

"O pẹ́ níbẹ̀."

"Wọ́n ní kí n jókòó."

"Kí lẹ sọ?"

Nasirou wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ìyẹn di ọjọ́ Àìkú."

"Bí o kò bá sọ̀rọ̀, kò ní sí ọjọ́ Àìkú."

"Mo mọ̀, bàbá."

Sàídù gba ọwọ́ náà, ó gbé e sí imú. Ìlànà ni, ó ti kà á níbì kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń po òróró láti òwúrọ̀ kò lè jẹ́rìí ohunkóhun; ó ń rùn bí ọjà tó kún. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀, ó sì yí èrò padà lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé èrò tó ti ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá jalè, ó ní, irọ́ ló máa ń pa, nítorí irọ́ rọrùn. Ẹni tó bá dákẹ́ ń dáàbò bo nǹkan mìíràn. Èyí dára, òótọ́ sì ni. Kí a má gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ń jáde lọ, Nasirou fi kún un pé kí bàbá jọ̀ọ́ má bi Hájíà nípa ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí Ìyálé, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń bí i nínú. Sàídù yíjú padà. Kí ló ń bí i nínú níbẹ̀? Nasirou ní oyin ni. Gbogbo ìgbà tí Hájíà bá fẹ́ bu Ìyálé, á kọ́kọ́ ti fèrèsé pa, nítorí bí òórùn náà bá jáde báyìí, àwọn oyin á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí àlejò tí wọ́n pè. Ọ̀rọ̀ wọn ti sú Hájíà.

Sàídù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún yọ gíláàsì rẹ̀.

*

Zakari ti lẹ àwòrán ojú ara rẹ̀ mọ́ ìgò lọ́fínńdà tuntun náà. Nínú àwòrán náà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ nǹkan kan nípa yín. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún bàtà, fóònù àti okùn fóònù, ṣùgbọ́n iwájú ni lọ́fínńdà wà, níbi tí ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ á ti rí i.

"Gbogbo ayé ní ó jọ ti Hájíà," Sàídù wí.

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ pé kò jọ."

"Komisẹ́ẹ̀, ọlọ́jà tó ń bú ọjà ara rẹ̀, ṣé ẹ ti rí i rí?"

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni obìnrin kan wọlé, tó fi èdè Dioula sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí wọ́n fún òun ní tọ̀hún, tí wọ́n ń sọ pé wọ́n jí. Zakari kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rẹ́rìn-ín ti inú àwòrán, ó di ìgò náà sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, obìnrin náà sì gbé e lọ pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó ra ohun tí kò yẹ kó rà.

Ní ti Nasirou, Zakari ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, òun àti bàbá ọmọ náà tó ti kú sì jọ jẹ́ ọmọ ìyá àgbà kan náà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí Komisẹ́ẹ̀ lọ bi ẹni tó yẹ.

Sàídù ra ìgò kan, ó ṣí i lẹ́nu ọ̀nà, ó fa òórùn rẹ̀ símú. Ti Hájíà ni. Ewé tíì ló kọ́kọ́ wọ imú, bí ti Hájíà gẹ́lẹ́, róòsì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà wọlé lọ mú Zakari ní kọ́là. Lẹ́yìn náà ló wo òkè, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó wo àwọn ìgò tí Zakari ṣí kalẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè máa gbóòórùn rẹ̀ wò. Eṣinṣin wà. Eruku wà. Kò sí oyin kan.

Ẹ jẹ́ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ẹlòmíràn ì bá ti kọjá lọ. Òun dúró lẹ́bàá títì, moto ń kọjá lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó di ìgò mú, ó ń wo afẹ́fẹ́ òfo bí ẹni tó rí ẹ̀rí níbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó dúró nítòsí ń wo ohun tó ń wò, wọn kò rí nǹkan kan.

*

Agathe ni ẹni tó tọ́ láti bi. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Mossi ni ìyá rẹ̀, ilé ìwádìí ìmọ̀ kòkòrò ló sì ti ń jẹun. Ó ní àpótí oyin lẹ́yìn ilé, níbi tí ìlú ti ń parí sí oko. Ó gbọ́ ìtàn Sàídù tán láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí kò rọrùn, nítorí Sàídù ń sọ ìtàn náà bí ẹni tí wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Tonton, kò yà mí lẹ́nu," ó wí, bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bí oyin kan bá fẹ́ pe àwọn yòókù wálé, á na ìdí sókè, á tú òórùn kan jáde. Òórùn yẹn, ẹ̀yà ewé tíì wà nínú ẹ̀, ẹ̀yà róòsì wà nínú ẹ̀. Ewé tíì nìkan, ewé ni. Róòsì nìkan, bóyá oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pa wọ́n pọ̀ bó ṣe yẹ, ó di *ẹ máa bọ̀ wálé*. Ìyá àgbà yẹn ti ń sọ èdè wọn látìgbà tó ti wà ní Kumasi, kò kàn mọ̀ ni."

Ó gbé àwo pẹlẹbẹ jáde sí àgbàlá. Ó kán ewé tíì sínú ọ̀kan, ó kán róòsì sínú ìkejì. Hájíà ti wá ìgò kékeré kan tó ti bù nínú Ìyálé tẹ́lẹ̀ fún Sàídù. Èyí ni Agathe kán sínú ìkẹta. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Oyin kan yà wo ewé tíì, ó lọ. Òmíràn bà lé etí àwo róòsì, ó rò ó wò, ó lọ. Lórí àwo kẹta, wọ́n ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní mélòó kan, títí àwo fi ń rìn.

Sàídù dìde. Ó ní ó ti yé òun: oyin ń tú òórùn náà palẹ̀, ó ń mú ewé tíì sọ́tọ̀, ó ń mú róòsì sọ́tọ̀, ó ń kà wọ́n.

"Òdìkejì ni, Tonton. Kò tú u. Tí ẹ bá pàdé Tantie lọ́jà, ṣé imú wọn lẹ kọ́kọ́ ń dá mọ̀, kí ẹ tó wá wo etí, kí ẹ tó wá ní, ha, ìyàwó mi nìyí?"

Sàídù ní òun lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ojú wọn lódindi lẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀ ni oyin ń ṣe pẹ̀lú àdàpọ̀. Bí ìwọ̀n bá yí padà, ojú ti yí padà, ẹni ẹlẹ́ni nìyẹn. Àwa ni imú wa ń kánjú. Ewé tíì kàn án, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, ó fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìyókù. Pàápàá tí ẹnì kan bá ti sọ fún un pé wọ́n jí i."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ dán ti Zakari wò wá nìyí, ó sì wù Sàídù débi pé ó ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láìsí èrò ìwòran. Agathe yóò mú oyin díẹ̀, yóò fi wọ́n sínú ìgé koríko oníhò kí orí wọn nìkan yọ síta, yóò máa jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn Ìyálé, yóò sì máa fún wọn ní omi ṣúgà tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá ti kọ́ ọ, òórùn náà nìkan tó láti mú wọn yọ ahọ́n, bí ọmọ tó gbọ́ ìró ṣíbí.

"Ṣùgbọ́n Tonton," ó fi kún un, "ẹ má sọ pé oyin sọ ohun tí kò sọ. Gbogbo ohun tó lè wí ni pé èyí kì í ṣe tọ̀hún."

D'accord, ó dáa, Sàídù wí. Ọkàn rẹ̀ ti wà lórí aṣọ tí yóò wọ̀.

*

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n pàdé lẹ́yìn ilé Agathe: Hájíà Bàlíkíìsì lórí àga kan, Zakari lórí àga tó jìnnà sí i, Nasirou lórí ìdúró. Àwọn oyin tò nínú koríko wọn bí ọmọ iléèwé níjòókòó. Sàídù sọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ó sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́, ó sọ̀rọ̀ nípa imú, ó sọ̀rọ̀ nípa Abidjan. Agathe dúró dè é pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ní ọkọ̀ láti wọ̀ lọ sí Bobo lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n fẹ́ òórùn Ìyálé sí wọn. Àwọn ahọ́n jáde.

Wọ́n fẹ́ òórùn ìgò Zakari sí wọn. Oyin kan mi ìwo orí rẹ̀. Kò sí ahọ́n.

"Ẹ tún un ṣe," Zakari wí.

Wọ́n tún un ṣe.

"Bóyá ara wọn ò yá."

Wọ́n tún fẹ́ ti Ìyálé. Àwọn ahọ́n jáde, kò sí èyí tó lọ́ra.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọkùnrin tí gbogbo Patte d'Oie ti ń pè lólè, tí kò bínú rárá, bínú lọ́jọ́ náà. Kí ni wọ́n ní ó kù nínú lọ́fínńdà òun? Òun ló pò ó fúnra òun, láti inú òróró tó ti Dubai wá, òun fi ewé tíì sí i títí gbogbo obìnrin Ouaga fi fẹ́ràn rẹ̀, kòkòrò kan wá ń yínmú sí i? Hájíà, tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún tí wọ́n ti jà lórí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ kan, kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó ní barka, ó ní kí Ọlọ́run bù kún oyin.

Ẹ̀rín yìí ló tú ọ̀rọ̀ tó kù.

"Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín," Zakari wí. "Èmi tí ọmọ yìí wá bẹ̀ kí n bá òun dúró bíi bàbá lọ́jọ́ Àìkú, torí kò ní ẹlòmíràn ní ìlú yìí. Ó ní kí n má sọ, kí Hájíà má baà ní òun lọ kó ọ̀tá wọlé. Mo sì ti dá aṣọ."

Hájíà yíjú sí Nasirou. Nasirou wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń so yìgì láìsí ẹni tó dúró fún un. Bí ọkùnrin náà bá sì ní bàbá kan ṣoṣo tó kù láyé, kí ni yóò ṣe bí bàbá náà bá jẹ́ ẹni tí ìyá ìyàwó kórìíra? Ó gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ojú Hájíà rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, tó ń gbọn aṣọ rẹ̀, ohun tó sọ kò yí padà.

"Ó dáa, kò tà á fún Zakari. Ìyálé mi ńkọ́? Ẹnì kan ló gbé e. Títí ọ̀la, Komisẹ́ẹ̀. Bí ọ̀la bá lọ láìsí i, èmi ò lè so yìgì ọmọ mi mọ́ ìfura."

*

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Sàídù dé ilé Hájíà ní Samandin. Ó kí Màmá Àgbà lórí ẹní rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tọwọ́tọwọ́, ìyá bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ó ṣàdúrà fún un títí orúnkún fi ń dun ún. Ojoojúmọ́ ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti bi gbogbo ènìyàn inú ilé náà ní ìbéèrè, ó bi àlejò, ó bi ẹni tó ń ta omi. Ìyá nìkan ni kò bi. Ta ni yóò jókòó síwájú àgbàlagbà kí ó bi í léèrè ohun tó sọnù nínú ilé? Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pè é lólè, kò sì sí agbádá tó lè bo ìyẹn.

Ó yí lọ sẹ́yìn ilé láti ronú. Níbẹ̀ ló ti rí wọn.

Oyin ni. Wọ́n ń fò níwájú ògiri kan, lábẹ́ fèrèsé tí wọ́n tì pa, wọ́n ń wọ inú ihò kan tó là, wọ́n ń jáde. Fèrèsé yàrá wo nìyẹn? Yàrá tí ẹrù ìyàwó wà ni. Àpótí Modinat wà níbẹ̀, aṣọ, ìkòkò, awo tánganran, gbogbo ohun tí yóò bá a dé ilé ọkọ, tí a kì í ṣí lójú ẹnikẹ́ni kí ìyàwó tó dé ibẹ̀. Nítorí náà ni ẹnikẹ́ni kò fi wo inú rẹ̀. Fatimata, àbúrò Hájíà, ló sì ní kọ́kọ́rọ́.

Gbogbo rẹ̀ tò lójú rẹ̀ bí àgbò ọdún lórí ìso. Ó ronú láti tẹ Agathe láago ní Bobo. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbà pé a kì í fi ẹni méjì pa ẹfọ̀n kan.

Ó pe gbogbo wọn sẹ́yìn ilé: Hájíà, Fatimata, Nasirou, Modinat tí wọ́n ti fi láàlì sí lọ́wọ́. Ó nawọ́ sí ògiri.

"Ẹ wo wọ́n. Kí ni wọ́n ń wá?"

"Tonton, àwọn oyin yẹn—" Modinat bẹ̀rẹ̀.

Sàídù gbé ìka sókè. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun parí. Ó ṣàlàyé *ẹ máa bọ̀ wálé*. Ó ṣàlàyé ewé tíì àti róòsì, ó lo àpẹẹrẹ ìyàwó ẹni lọ́jà gẹ́gẹ́ bí èyí tó ti orí rẹ̀ wá. Ó ní Ìyálé wà lẹ́yìn ògiri yìí, nínú ẹrù ìyàwó, àti pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè fi í síbẹ̀.

Fatimata wò ó láti fìlà dé bàtà. "Èmi? Kí n jí lọ́fínńdà ẹ̀gbọ́n mi, kí n wá kó o pamọ́ sínú ilé ẹ̀gbọ́n mi? Komisẹ́ẹ̀, ṣé báyìí ni wọ́n ń jalè ní Abidjan?"

"Ẹ óò ti ibẹ̀ kó o jáde lọ́la, pẹ̀lú ẹrù."

"Lọ sílé ta? Ilé Nasirou?"

Hájíà ní kí wọ́n lọ ṣí i. Fatimata ní a kì í ṣí i. Hájíà ní kí wọ́n ṣí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti ń bú ara wọn lóhùn ìsàlẹ̀, èyí ni ohùn àkọ́kọ́ tó jáde lódindi, ó sì dé orí ẹní Màmá Àgbà. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì kí wọ́n tó rí i.

"Ta ló fẹ́ ṣí ẹrù ọmọ mi?"

Hájíà kúnlẹ̀. Kò sí ọ̀nà mọ́. Ó sọ fún un, ọ̀rọ̀ ń yọ níkọ̀ọ̀kan: Ìyálé ti sọnù, ìyá, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já.

Àyà ìyá kò já. Ó wò wọ́n yíká bí ẹni tó ń wá ẹni tí orí rẹ̀ pé nínú wọn.

"Ìyálé tí mo fi sísàlẹ̀ àpótí kí Fatimata tó ti ilẹ̀kùn?"

Fatimata wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá ìyá mi ló fún èmi náà, inú ẹrù ìyàwó mi ni mo ti bá a. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é. A kì í sọ fún ẹni tó ń lò ó, torí ẹni tó ń lò ó kì í fẹ́ kí ó lọ. Bàlíkíìsì, mo ti bu tìrẹ sínú ìgò mìíràn kí iṣẹ́ rẹ má baà dúró, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Mo rò pé o ti rí i. O kì í gbálẹ̀ débẹ̀ ni?"

Hájíà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di omijé, ó tún di ẹ̀rín. Ó fa Nasirou mọ́ra, ó pè é lọ́mọ lójú gbogbo wọn, ó ní kí ẹnì kan lọ bá Zakari ní Patte d'Oie kí ó má ṣe pẹ́ dé lọ́la. Modinat fi ọwọ́ láàlì bo ojú. Fatimata lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé ìgò náà jáde pẹ̀lú eruku tó pọ̀ lórí rẹ̀.

Sàídù dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ti ṣi ẹni náà mú, ó gbà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi náà. Kò sẹ́ni tó tún lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún agbádá rẹ̀ tò léjìká, ó wá síwájú Màmá Àgbà, ó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ ńlá ṣàlàyé fún un bí òórùn ìgò rẹ̀ ti gba inú ògiri kọjá, bí àwọn oyin ti gbọ́ ọ lókèèrè, bí wọ́n ti wá tò síbẹ̀ láti fi ọ̀nà han òun.

Ìyá tẹ́tí sí i títí ó fi parí, nítorí ẹni tó mọ ìwà ni. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn gan-an, kí Ọlọ́run máa fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n rẹ̀.

"Ìda ni mo fi dí ìgò náà lẹ́nu," ó wí. "Àwọn oyin yẹn, inú ògiri yẹn ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí a tó bí Modinat."